Gàárì Bàbá Ẹlẹ́ṣin Tó Gbé Inú Yàrá Wa

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, torí inú mi dùn débi pé ọ̀rọ̀ ń sáré ju ẹnu mi lọ! Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, gàárì ẹṣin kan bá wa gbé inú yàrá ní àdúgbò Ngomari, ní Maiduguri. Gàárì o, kì í ṣe ẹṣin. Ó bá wa gbé pẹ́ débi pé bàbá mi máa ń kí i tó bá ti ọjà dé. Á ní, "Sannu, àlejò tí kì í jẹun!"

Ọ̀fà ni àwọn òbí mi ti wá, àmọ́ Maiduguri ni wọ́n bí mi sí. Tí màmá mi bá fi Yorùbá bá mi wí, Hausa ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Aṣọ ló ń tà ní Monday Market, léèsì, àǹkárá, gíní. Kò tíì rí Mẹ́kà rí, àmọ́ Hajiya ni gbogbo ọjà ń pè é, ó sì ń dáhùn!

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń gbé ní ẹ̀yìn ògiri wa, Kànúrí ni, ó ní ẹṣin funfun kan. Bàbá Ẹlẹ́ṣin là ń pè é. Tí ọdún bá dé, ẹ wá wo ẹṣin! Gàárì aláwọ pupa tó jẹ́ ti bàbá bàbá rẹ̀, ìjánu tó ń dán, ìtẹ́ onírun lábẹ́ gàárì, okùn awọ lóríṣiríṣi. Òun àti àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù á wá sáré lọ kí ọba ìlú.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí èrò má pọ̀ síbì kan mọ́, ìgun ẹṣin ọdún dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kan tí ìbọn ń dún ní òpópónà wa, tí bàbá mi ò sí nílé, Bàbá Ẹlẹ́ṣin ló gbé àkàbà sí ògiri, tó fa èmi àti màmá mi bọ́ sí ilé rẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi jẹ oúnjẹ ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí òun fúnra ẹ̀ fẹ́ gbé ẹṣin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Kano, tí onílọ́rì sọ pé òun lè gba bàbá, òun lè gba ẹṣin, àmọ́ kò sáyè ẹrù, ọ̀dọ̀ wa ló kó gbogbo ẹrù ẹṣin náà wá.

Ó ní, "Hajiya, ẹṣin lè rìnrìn àjò. Gàárì yìí ò gbọdọ̀ kúrò nílùú. Ọjọ́ tí àlàáfíà bá dé, orí ẹ̀ ni màá jókòó sí, insha Allah."

Màmá mi kúnlẹ̀ gbà á. Ó ní, "Baba, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lẹ ó ṣe bá a."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe o! Báwo ni oníléèsì ṣe ń tọ́jú nǹkan iyebíye? Ọ̀rá ni! Ó kó gàárì, ìjánu, ìtẹ́, gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa, ó da káńfọ̀ sí i, ó tì í mọ́ inú àpótí irin. Ó ní afẹ́fẹ́ pàápàá ò ní rí i fọwọ́ kàn. Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì bà á jẹ́ gan-an nìyẹn.

Òjò ọdún yẹn rọ̀ dáadáa. Nígbà tó dá, a ṣí àpótí. Hàà! Òórùn tó kọ́kọ́ jáde ti tó ẹni sá fún. Awọ pupa ti bu, ó hu irun funfun bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Ìjánu ti dógùn-ún. Kòkòrò ti lu ìtẹ́ onírun níhò. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Mo gbé! Ẹni tó fi àkàbà yọ mí nínú ikú, ohun tí mo fi san án fún un rèé?" Kò tiẹ̀ sí bí a ṣe fẹ́ pe Bàbá, wọ́n ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà yẹn. Mo rò pé inú màmá mi tiẹ̀ dùn díẹ̀ sí ìyẹn!

Bàbá oníbàtà kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù wa, Hausa ni, ó ti ń rán awọ láti kékeré. A wé gàárì mọ́ inú ìró, a gbé e wọ kéké napep. Sójà dá wa dúró lójú ọ̀nà, ó ní kí ló wà nínú ẹrù yẹn. Màmá mi ní gàárì ni. Sójà wo ẹ̀yìn kéké, ó wo iwájú, ó ní, "Ẹṣin ńkọ́?" Màmá mi ní, "Ó wà ní Kano." Sójà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, ó ní ká máa lọ kí ẹṣin má lọ máa retí wa!

Bàbá oníbàtà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Haba Hajiya! Ẹ di gàárì bí ẹni ń di òkú! Awọ ń mí, ẹ̀yin wá fi ọ̀rá dí i nímú."

Màmá mi ní, "Báyìí ni mo ṣe ń tọ́jú léèsì mi."

"Ṣé léèsì yín máa ń gun ẹṣin làágùn ni?"

Àṣé òógùn ẹṣin ṣì wà lára gàárì nígbà tí a dì í, òógùn yẹn àti ọ̀rinrin tí ọ̀rá há mọ́ inú ló bí gbogbo ohun funfun yẹn. Bàbá oníbàtà kọ́ wa. Ìta gbangba la ti fi àkísà gbígbẹ nu ohun funfun náà kúrò, kó má bàa fọ́n sínú ilé. Lẹ́yìn náà, àkísà tí a fi ọṣẹ díẹ̀ àti omi bíńtín rin la fi nù ún. A wá gbé e síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, torí tí oòrùn Maiduguri bá rí awọ tútù, ńṣe ló máa sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó gbẹ, a fi òrí ra á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ó ní ká má fi òrí pọ̀ o, kí eku má bàa rò pé oúnjẹ ni. Ìtẹ́ onírun nìkan ló ní ká sá sóòrùn, ká gbọ̀n ọ́n dáadáa. Irin ìjánu, a ha ìdógùn-ún ara ẹ̀, a tú u kúrò lára awọ, ó wà lọ́tọ̀.

Bàbá mi kan igi pọ̀ bí ẹ̀yìn ẹṣin, a gbé gàárì lé e kó má bàa wọ́. A ki ẹsẹ̀ igi náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo tí a da ọ́ìlì ọkọ̀ àlòkù sí, kí ikán má rọ́nà gùn ún. Ìró òwú tó ti gbó la fi bò ó, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ la so mọ́ ọn lára, mo sì ń pààrọ̀ ẹ̀ tí òórùn ẹ̀ bá ti lọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, iṣẹ́ mi ni kí n ṣí i, kí n nu ún, kí n wo abẹ́ ẹ̀. Kí n tó bò ó padà ńkọ́? Mo ti gùn ún dé Khaddamari lẹ́yìn ìlú, mo ti bọ̀! Inú yàrá ni mo wà o, àmọ́ mo ti dé ibẹ̀!

Ibi tí mo ti dáràn rèé. Òrí tán lọ́jọ́ kan, mo bá fi òróró ẹ̀pà ra gbogbo ẹ̀. Ó dán bíi dígí! Mo ń yangàn. Kí Jímọ̀ kejì tó dé, eku ti jẹ okùn awọ tí wọ́n fi ń di gàárì mọ́ ikùn ẹṣin, ó kù díẹ̀ kó gé e sí méjì. Ẹ ronú ẹ̀ wò, okùn tó di ẹ̀mí ẹlẹ́ṣin mú! Màmá mi ò nà mí. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ sọ fún Bàbá." Ì bá tiẹ̀ nà mí! Bàbá oníbàtà fi awọ tuntun lé e, ó ní èmi gan-an ni kí n máa fi ìda ra òwú, ó sì rán an mọ́ ọn ní ìlà méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo ti ń parí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n á tún gun ẹṣin lọ́dún. Lọ́sẹ̀ yẹn ni Bàbá Ẹlẹ́ṣin wọlé, ó ti rù, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹṣin funfun ti darúgbó, ọmọ ẹṣin náà ló mú bọ̀. Ó ní, "Hajiya, mo wá gba àlejò mi."

Màmá mi ká ìró kúrò. Bàbá fọwọ́ pa awọ pupa yẹn, ó gbé imú lé e, ó ń yí gbogbo ẹ̀ wò, ọwọ́ ẹ̀ wá kan ibi tí wọ́n rán. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Òróró ẹ̀pà ni mo fi ra á, eku bá jẹ ẹ́."

Bàbá fi okùn náà yí òpó ìloro wa, ó ju ọ̀pá ẹ̀ sílẹ̀, ó fi gbogbo ara fà á, ó ti ẹsẹ̀ mọ́ òpó, ó tún fà á! Kò já. Ó mí kanlẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Eku yín gbọ́n o. Ibi tó ti gbó ló bá mi jẹ." Wallahi, mo fò sókè!

Ọjọ́ ọdún pé! Èrò rọ́ gìrìgìrì, màmá mi jókòó lórí àga oníke lẹ́bàá ọ̀nà, ó wọ léèsì tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá, la bá rí ẹnì kan tó yà kúrò láàárín wọn, ó forí lé ọ̀dọ̀ wa, eré burúkú, eruku sọ! Àwọn èèyàn ń ya, màmá mi ò mira. Ẹṣin náà dúró gbọn-in níwájú ẹ̀, Bàbá na ìkúùkù sókè lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe ń kí ọba gẹ́lẹ́! Ẹni tí a rò pé a jẹ ní gbèsè ló ń kí wa! Màmá mi fò dìde, ó ń sunkún, ó ń jó, ó ń pariwo ní Yorùbá láàárín àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, "Ẹ wo gàárì! Ẹ wo gàárì!"

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin àbúrò mi. Nígbà tiwa, tí a bá gbọ́ ariwo èèyàn tó ń sáré bọ̀, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó dojú bolẹ̀. Ní ọdún tó kọjá yìí, irú ariwo yẹn náà ló gba òpópónà wa, àwọn ẹlẹ́ṣin ọdún ló ń bọ̀, mo sì rí yín, ẹ já ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ẹ gbàgbé bàtà, ẹ ń sáré lọ pàdé ẹ̀. Èmi nìkan ló fẹ́ dojú bolẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn yín, mo bú sẹ́rìn-ín, mo bá sáré tẹ̀ lé yín.