Kásẹ́ẹ̀tì Hùmúàní

Ìró àkọ́kọ́ tí Hámzàt rántí láyé rẹ̀ kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ìró bọ́tìnnì méjì tí wọ́n tẹ̀ pa pọ̀ lára rédíò ni: kà. Ìyá rẹ̀, Hùmúàní, ló máa ń tẹ̀ ẹ́. Yóò jókòó sórí ẹní nínú yàrá wọn ní Pàkátà, yóò pọn ọmọ sẹ́yìn, yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba wákà sílẹ̀, èyí tó fẹ́ lọ kọ níbi wòlímọ̀ ọmọ ẹlòmíràn tó parí Kùránì. Lára ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ tó ń gbọ̀n ni Hámzàt ti kọ́kọ́ ń gbọ́ orin náà, kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ.

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Tanke, yàrá kan ṣoṣo tó gba tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, àga oníke mẹ́jọ, àti páàdì mẹ́jọ tí òógùn ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti sọ di dúdú. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń gbá. Lọ́dọọdún, àwọn tó ṣe géèmù bọ́ọ̀lù náà á yí nọ́ńbà ọdún tó wà lára rẹ̀ padà, àwọn ọmọ wọ̀nyí á sì máa pariwo bí ẹni pé ohun tuntun dé. Ó ti sú Hámzàt. Géèmù tí òun fẹ́ràn ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè: èyí tí ọkùnrin kékeré kan ti ń rìn nínú igbó láìbá ẹnikẹ́ni jà, tàbí èyí tí ènìyàn kàn ń gbin àlùbọ́sà tí òjò sì ń rọ̀ sí i. Bí ṣọ́ọ̀bù bá dá, kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan páàdì. Á kàn ṣí géèmù náà, á jẹ́ kí orin tó fi ń kí ènìyàn káàbọ̀ máa yí lọ yí bọ̀, á sì gbórí lé ògiri.

Bákan náà ló rí sí àwo orin. Lójú tirẹ̀, àwo tí gbogbo ayé mọ̀ dà bí ọmọ olówó, kò lè sọnù. Ibi tó bá yà sí, ẹnìkan á mú un wálé. Èyí tí ogójì ènìyàn péré mọ̀ ńkọ́? Bí àwọn ogójì náà bá ti kú tán, ó parí nìyẹn.

Irú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe, ẹyọ kan ṣoṣo. “Ẹ Bá Wa Kí Mọ̀dínà” ni wọ́n pè é. Hámzàt kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tó jáde. Ẹ̀dà igba ni wọ́n tẹ̀, àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún náà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá Hámzàt ní ó tó. Hùmúàní kò jiyàn. Ó padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

Ní Àtàláátà, Sakinah, ẹ̀gbọ́n Hámzàt, pè é lórí fóònù.

“Hámzàt, ṣé o ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò ní koríko?”

“Ẹ káàárọ̀, Àǹtí mi. Èmi ò gbá a. Àwọn tó ń gbá a ni mò ń wò.”

“Ìyẹn gan-an ló burú jù. Gbọ́, Sátidé ni wòlímọ̀ Zahrah. Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá wà lọ́wọ́ rẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n fi í sí sípíkà nígbà tí ọmọ mi bá ń jáde. Ìyá kọ wákà fún ọmọ gbogbo ìlú. Tèmi náà á gbọ́ tiẹ̀.”

“Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti gbó, Àǹtí mi.”

“Ta ni kò gbó? Ṣáà gbé e wá.”

Hámzàt gbé fóònù kalẹ̀, ara rẹ̀ wúwo bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì. Lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì náà wà, ẹyọ kan tó kù nílé. Ohun tí Sakinah kò mọ̀ ni pé Hámzàt ti pa orin inú rẹ̀ rẹ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àbúrò bàbá wọn mú ẹ̀rọ géèmù kan bọ̀ láti Jídà. Orin inú rẹ̀ gbà á lọ́kàn ju eré inú rẹ̀ lọ, àmọ́ iná NẸ́PÀ kì í pẹ́ lọ. Bátìrì ni rédíò ń lò ní tirẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá gba orin náà sílẹ̀, òun á máa gbọ́ ọ nínú òkùnkùn. Kò rí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo. Ó mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó fi bébà rírún dí ihò méjì tó wà lórí rẹ̀ kí rédíò lè gba nǹkan mìíràn sí i, bí gbogbo ilé ní Pàkátà ti máa ń ṣe lóṣù Ààwẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gba tàfúsírì, ìtumọ̀ Kùránì, sórí kásẹ́ẹ̀tì orin tí wọ́n rà. Ó gbé rédíò síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì. Nígbà tó rí àwòrán ìyá rẹ̀ lára páálí, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Hùmúàní kò nà án. Ó gbọ́ orin géèmù náà fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní, “Orin tìẹ náà dùn,” ó sì pa rédíò. Láti ọjọ́ náà, Hámzàt kò jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì yẹn kan rédíò mọ́. Ìyá ti kú lọ́dún tó kọjá. Kò sí fídíò tó ti ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé fóònù sí i lójú, á ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Ní Àlàmísì, Hámzàt wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Táíwò Road, sọ́dọ̀ Alhaji Abdulraheem tó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà jáde láyé ọjọ́un. Ṣájà fóònù ni bàbá náà ń tà báyìí.

“Ọmọ Hùmúàní,” ó ní, “o ti sanra. Géèmù ń bọ́ ẹ.”

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì Ìyá ni mò ń wá. Ọ̀kan péré.”

Wọ́n kó páálí mẹ́ta wálẹ̀ láti òkè àjà. Eruku bò wọ́n dé irun ojú. Nígbà tó yá, wọ́n rí i, Hùmúàní nínú hìjáábù funfun, ó ń rẹ́rìn-ín lára páálí kásẹ́ẹ̀tì kan. Alhaji yọ kásẹ́ẹ̀tì náà. Bébà wà nínú ihò méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fi sí rédíò, àáfà kan ló ń túmọ̀ Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ téèpù dé òpin rẹ̀.

“Ṣé o rí wa?” Alhaji ní. “Àwa tá a tà á, àwa náà la pa á rẹ́.”

“Ẹ̀yin nìkan kọ́, sà.”

Bàbá náà yọ kásẹ́ẹ̀tì àáfà náà kúrò. Ó ti rédíò náà sí i. “Gbé e lọ. Gbọ́ tìẹ dé òpin kó o tó sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọmọdé kì í ní sùúrù tó kásẹ́ẹ̀tì.”

Láàárọ̀ Jímọ̀, Hámzàt kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù títí wọ́n á fi kírun tán. Àsìkò yẹn ló máa ń fi òwú àti sípíríìtì nu àwọn páàdì. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò, ó mú páàdì kìn-ín-ní.

Orin géèmù náà jáde, tín-ín-rín, bí ẹni ń lu agolo. Ó ṣì mọ gbogbo ibi tó ti ń yà. Ó nu páàdì méjì, ó nu ìkẹta, ó nu ìkẹrin. Ó ń nu ìkarùn-ún lọ́wọ́ nígbà tí orin náà já lójijì. Ó ti gbàgbé pé wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ tó gba orin náà sílẹ̀. Géèmù kú, ṣùgbọ́n rédíò tó ń lo bátìrì kò mọ̀, ó ń gba ohun gbogbo lọ. Nínú téèpù náà, ewúrẹ́ kan ké níta. Lẹ́yìn náà, ohùn kan wá láti yàrá kejì.

“Hámzàt. Wọ́n ti mú un lọ?”

“Wọ́n ti mú un, Ìyá.”

“Má jókòó sínú òkùnkùn. Wá jẹun.”

Ẹsẹ̀ ọmọdé sáré. Kà. Hùmúàní sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín orin tó kẹ́yìn, ibi tí orin géèmù kò dé, àwọn obìnrin ń gbè é, títí téèpù fi tán. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni.

Ó dá téèpù padà sẹ́yìn, ó gbà á sórí fóònù, ó sì pe Sakinah. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá,” Sakinah ní, “tó o sì jẹ́ kí n máa fọ́nnu kiri àdúgbò.”

“Ẹ má bínú, Àǹtí mi.”

“Mò ń bínú, Hámzàt. Jẹ́ kí n bínú. Kí ló kù níbẹ̀?”

“Orin tó kẹ́yìn. Àti ibi tí Ìyá ti ní kí n wá jẹun. Màá gé ìyẹn kúrò.”

“Má gé e.”

“Níbi wòlímọ̀?”

“Ó pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Kí ló burú níbẹ̀? Fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà.”

Sakinah kò kí i kó tó pa fóònù. Hámzàt fi orin náà ránṣẹ́. Ó rò pé ara á fúyẹ́ òun, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́ ju ti àárọ̀ lọ. Ó mú abẹ́rẹ́, ó yọ bébà inú ihò méjèèjì kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ mọ́.

Páàdì mẹ́ta ló kù. Ó tún ki òwú bọ sípíríìtì, ó nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wáyà wọn, ó sì tò wọ́n síwájú àwọn tẹlifíṣọ̀n tí kò tíì sí ẹni tó tàn wọ́n.