Rìmóòtù Inú Báàgì Mi

Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn ọ̀rá tuntun, irú èyí tí wọ́n fi ń wé ohun èlò iná, yàrá màámi nílé wa ní Jakande, Ìsọlọ̀, ni mo máa ń rántí. Yàrá màámi kọ́ ni tẹ́lẹ̀ o, ti àwọn ọmọ ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ màámi kí wọ́n tó gbà láti fi Ìsẹ́yìn sílẹ̀ wá máa bá wa gbé, torí wọ́n ti ń dàgbà, kò sì sẹ́ni tó wà pẹ̀lú wọn nílé. Ooru Èkó nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù. Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà nínú yàrá náà lóòótọ́. Ariwo rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ìlọta, ó sì ń jẹ iná bí ẹni tí ebi ń pa, àmọ́ ó ń mú yàrá tutù. Kò tíì pé oṣù kan tí màámi dé tí iléeṣẹ́ iná fi kéde pé ẹni tó bá yọ ògbólógbòó ẹ̀rọ rẹ̀, tó ra èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, àwọn á dá díẹ̀ padà fún un nínú owó tó fi rà á, àwọn á fi kún iná inú mítà rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í gbọ́ irú ẹ̀ kí n dákẹ́. Mo lọ gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì wọn ní Àgọ́ Palace, mo yọ ti àtijọ́, mo ra tuntun. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù pé òṣìṣẹ́ kan máa wá wò ó, kí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Èmi ni mo fi tèmi kún un. Mo ní tí wọ́n bá rí i pé a ti lò ó, wọ́n lè sọ pé kì í ṣe tuntun. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ọ̀rá lára rẹ̀. Mo mú rìmóòtù, mo jù ú sínú báàgì tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, a ò rí ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ kejì náà kọjá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni fáànù ń fẹ́. Ooru sú sí gbogbo ọrùn màámi, páúdà funfun ni wọ́n fi ń kùn ún láràárọ̀. Wọ́n á jókòó síwájú ẹ̀rọ inú ọ̀rá yẹn, wọ́n á gbójú sókè máa wò ó.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé a ò kàn lè tan án díẹ̀ ni?"

"Ẹ ní sùúrù, màámi. Àwọn oníná ò ní í pẹ́ dé."

Wọn ò béèrè mọ́. Lọ́sàn-án Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tọjà dé, mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn níta. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ró ìró mọ́ àyà, aládùúgbò wa kan ń fún wọn lómi tútù. Ojú tì mí. Dípò kí n bẹ̀ wọ́n, ńṣe ni mo kanra.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ káwọn èèyàn máa sọ pé mi ò tọ́jú yín ni?"

Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n wọlé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di ẹrù wọn. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ Bọ́ládé, wọ́n ṣàdúrà fún mi kí wọ́n tó wọkọ̀, wọn ò bínú rárá. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bínú.

Ọjọ́ kẹta ni òṣìṣẹ́ iná dé, obìnrin kan tó lọ́yàyà. Ó ka lébẹ́ẹ̀lì, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní ká ṣí ọ̀rá, ká tan án. Mo yọ rìmóòtù nínú báàgì. Kò pẹ́ tí gbogbo yàrá fi tutù.

"Ṣé ẹ ò tíì lò ó látọjọ́ yìí ni, mà?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má fọwọ́ kàn án."

"Rárá o, mà. Lébẹ́ẹ̀lì nìkan la ní kẹ́ ẹ má yọ."

Mo pe màámi lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ẹ máa lò ó. Ara tù mí níbí." Látọjọ́ náà, wọn ò sùn nílé wa mọ́. Ohun tí iléeṣẹ́ iná ṣèlérí wọ inú mítà lóòótọ́, a lò ó tán, n ò tiẹ̀ rántí ohun tá a fi ṣe.

Iléyá tó kọjá, a lọ sí Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo na ẹ̀yìn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ màámi. Kò síná, òógùn bò mí. Oorun ti ń gbé mi lọ nígbà tí mo rí i pé atẹ́gùn kan ń fẹ́ sí mi lójú. Mo lajú díẹ̀. Màámi ni, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì lé eṣinṣin. Kíá ni mo pa ojú dé, kí wọ́n má bàa rí i pé mò ń sunkún. Mi ò tíì bẹ̀ wọ́n o. Wọn ò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn ni mo fi pa mọ́ fún wọn sínú báàgì fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.