Ọkọ̀ Tí Enoch Fi Téèpù Wọ̀n Bí Aṣọ

Ọ̀fíntótó ni mí, mi ò ní sẹ́. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, etí mi á ti dé ibẹ̀ kí ara mi tó dìde. Ruqoyah ni orúkọ mi, ìyá Labeebah, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Ruqoyah ní Owódé Onírin, wọ́n á kàn máa wò yín ni. Ẹ béèrè Ìyá Onílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ àlòkù ni mò ń tà láti ọjọ́ tí mo ti Ṣakí dé. Kò sí ọkọ̀ tó ń rìn ní Èkó tí mi ò lè wo ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n sì sọ orúkọ rẹ̀. Bí mo ṣe rò nìyẹn, kí ọkọ̀ búlúù yẹn tó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Inú ọgbà ilé kan ní Magodo ni wọ́n ti fà á wá. Màmá tó ni ilé náà ti kú, àwọn ọmọ fẹ́ wó o, wọ́n ní ká wá kó gbogbo irin tó wà níbẹ̀. Mo kó ọkọ̀ náà mọ́ àwọn irin yòókù, mo sì sọ fún Abdulmujeeb tó ń fi gáàsì gé irin fún mi pé ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, kó wá gé e. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn apá òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ! Kí lèyí? Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, kò sí àmì ilé iṣẹ́ kankan. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í ṣe ti ìjàpá. Òòlù ni wọ́n fi lù ú jáde. Ẹ bá mi gbọ́ o, ta ló jókòó tó fi òòlù lu odindi ọkọ̀?

Abdulmujeeb ní, "Mummy, ẹ jẹ́ kí n gé e jàre. Irin ni irin ń jẹ́."

Mo ní kó panu mọ́. Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Ràímì, àgbàlagbà tó ti ń lu ara ọkọ̀ tó tẹ̀ wọnú jáde láti ìgbà tí mi ò tíì mọ Èkó. Baba fi ọwọ́ pa òrùlé ọkọ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Arìnnàkore rèé! Mo rò pé wọ́n ti yọ́ gbogbo wọn tán. Lọ sí Ketu, béèrè Mummy Oyin tó ń rán ìbòrí àga. Ọkọ rẹ̀ ló ṣe é, ní Ìkòsí ńbí."

Ní Ìkòsí! Wọ́n ṣe ọkọ̀ ní Ìkòsí, èmi Ìyá Onílẹ̀kùn ò sì gbọ́! Ṣé ó yẹ kí n ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan nítorí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí? Kò yẹ. Mo tì í.

Mo bá Mummy Oyin, Adéníkẹ́ ni orúkọ rẹ̀ gan-an, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, obìnrin kúkúrú, tín-ín-rín, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ọgọ́ta dáadáa, téèpù lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo dárúkọ ara mi. Mo ní ọkọ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi tí wọ́n pè ní Arìnnàkore.

Ẹ̀rọ dákẹ́. "Àwọ̀ wo?"

"Búlúù ni, Mummy."

Ó gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ní kí n fa àpótí kan jókòó.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ketu ló ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ibẹ̀ náà ló ti pàdé Enoch ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ òyìnbó pọ̀. Wọ́n á kó ọkọ̀ náà wá nínú àpótí, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, àwọn Enoch á máa dè é mọ́ra. Lọ́jọ́ kan ló dé, tó ní dídè ọkọ̀ mọ́ra ti sú òun, òun fẹ́ ṣe odindi. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ilẹ̀ kan ní Ìkòsí, ó kó òṣìṣẹ́ mẹ́ta jọ.

"Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ gan-an," Mummy ní, "ọ̀dọ̀ mi ni. Mò ń wọn obìnrin kan fún bùbá, Enoch jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Ó kàn pariwo ni! Ó ní, Adéníkẹ́, ẹnìkan ò lè wọ bùbá ẹnìkejì kó bá a mu, kí ló dé tí gbogbo wa ń jókòó sínú ọkọ̀ oníwọ̀n kan náà?"

Mo ní, "Ẹ má sọ fún mi pé…"

"Mo sọ fún yín. Téèpù mi ló gbà."

Ni wọ́n bá ń wọn èèyàn fún ọkọ̀. Wọ́n á wọn ìbàdí sí orókún, èjìká sí ọwọ́, ìjókòó sí orí. Enoch ń wọn ọkùnrin, Adéníkẹ́ ń wọn obìnrin, òun ló sì ń rán gbogbo àga. Bí oníbàárà bá sanra, ilẹ̀kùn ibi tó máa gbà wọlé á gùn ju èkejì lọ. Alhaji kan tó fẹ́ràn fìlà gíga, wọ́n gbé òrùlé tirẹ̀ sókè. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe, ó tán.

"Mummy, kí ló wá pa iṣẹ́ náà?" Mo fẹ́ mọ̀, kí n má purọ́.

"Ta lẹ fẹ́ bi? Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìjọba ló pa á. Enoch ní tòkunbọ̀ ni, pé ojú àwọn èèyàn wà ní Kútọnú. Èmi mọ̀ pé aṣọ ni. Alhaji onífìlà sanra, ó gbé ọkọ̀ padà wá, ó ní ká bá òun tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Irin! Ẹnìkan kú, ọmọ rẹ̀ gùn, ọmọ ò lè wọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn yá àna rẹ̀ ní tirẹ̀, àna há sínú ọkọ̀ ní Ojota, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n dì mú fà á jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa ra ọkọ̀ tí kò lè yá àna rẹ̀? Ìgbà tí Enoch máa fi gbọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní kó bá mi dé Owódé kó wá wo ọkọ̀ náà. Ó ní òun ò lọ.

"Búlúù yẹn ló kẹ́yìn. Enoch ti ṣèlérí pé lẹ́yìn ìkẹjọ, tèmi ló kàn. Mo lọ bí Oyin ní Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ìbímọ náà le, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Nígbà tí mo fi máa gbé ọmọ dé, ọkọ̀ ti lọ. Mojí ló ń wà á. Mojí tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Mile 12, obìnrin gàgàrà, oníkùn. Enoch ní tèmi ni òun ṣe, owó ilé ìwòsàn ló jẹ́ kí òun tà á fún Mojí. Mo ní irọ́! Ọkọ̀ tí kì í gba ẹlòmíràn, báwo ló ṣe gba Mojí? Èmi ni mò ń wọn obìnrin níbẹ̀. Nígbà tí mi ò sí nílé, ta ló wọn Mojí? Ọwọ́ ta ló fi téèpù yí i ká?"

Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. Oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yọjú, mo wò ó, ó padà wọlé.

"Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ àárín wa di 'oúnjẹ ti délẹ̀, omi ti délẹ̀.' Ó ń bẹ̀ mí títí ó fi sú u. Lórí ibùsùn tó kú sí, ó tún ní, 'Adéníkẹ́, tìẹ ni.' Mo kọ ẹ̀yìn sí i." Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka. "Ìyá Labeebah, tí ó bá lọ jẹ́ tèmi lóòótọ́ ńkọ́? A jẹ́ pé mo fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ lásán. Mi ò fẹ́ mọ̀."

Mo sọ fún un pé ọjọ́ Jímọ̀ ni a máa gé e, pé lẹ́yìn Jímọ̀, bó tilẹ̀ fẹ́ mọ̀, kò ní rí ohun tó máa fi mọ̀.

"Ẹ gé e," ó ní, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sì bínú sí i, nítorí èmi tí ọ̀rọ̀ ò kàn fẹ́ mọ̀ débi pé mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Jímọ̀, mo ti kírun dé, Abdulmujeeb ti tanná sí gáàsì, ni kẹ̀kẹ́ Maruwa kan dúró níwájú wa. Mummy Adéníkẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Oyin, obìnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún, tí ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ti jà dé ibẹ̀.

"Ẹ káàsán, Aunty," Oyin ní. "Ilé tí bàbá àti ìyá kì í ti bára wọn sọ̀rọ̀ ni mo dàgbà sí. Bí Mummy ò bá fẹ́ mọ̀, èmi fẹ́ mọ̀."

Mummy yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó fọwọ́ kan àga, ó ní, "Kì í ṣe ọwọ́ mi. Enoch ló fúnra rẹ̀ rán an, ẹ wò ó bó ṣe wọ́." Ó wọlé, ó jókòó sídìí sítíárì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro, kò dé bíréèkì. Níwájú ikùn rẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ fàlàlà títí dé sítíárì.

"Ẹ rí i?" Ó fọwọ́ lu sítíárì. "Ẹsẹ̀ Mojí gùn, ikùn Mojí tóbi. Ẹ wá wo ibi tí Mojí jókòó sí! Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?" Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn pé òun ló jàre, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fà ro. "Oyin, jẹ́ ká máa lọ."

Mo ní kí Abdulmujeeb máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ àga, kí fóòmù má baà gbaná. Ó tú bóòtù, ó gbé àga kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ ọkọ̀.

"Mummy, ihò méjì-méjì ló wà níbí o."

Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ki orí bọ̀ ọ́. Lóòótọ́ ni. Ihò tí àga wà lórí rẹ̀ nìyí lẹ́yìn, ihò mìíràn sì wà níwájú, tí ìdọ̀tí ti dí. Mo fi ìṣó gbẹ́ ìdọ̀tí náà. Ọ̀dà búlúù wà nínú ihò iwájú. Ti ẹ̀yìn ò ní ọ̀dà, ìpẹtà lásán ni. Ẹni tó bá ti ta irin tó ọdún tí mo ti ń tà á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ihò iwájú ti wà kí wọ́n tó kun ọkọ̀. Ẹnìkan ló ra ọkọ̀ tán kó tó lu ti ẹ̀yìn.

Mo figbe ta. "Mummy! Ẹ dúró! Mojí ló sún àga sẹ́yìn!"

A de àga mọ́ ihò iwájú. Mummy ní òun ò jókòó síbẹ̀ mọ́, pé ó tó gẹ́ẹ́. Oyin kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó kún fún òróró yẹn, pẹ̀lú aṣọ dáadáa tó wọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy." Ló bá jókòó.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìgúnpá rẹ̀ sinmi sára ilẹ̀kùn.

"Ẹsẹ̀ mi nìyí," ó ní, jẹ́jẹ́. Ó wá wo iwájú ara rẹ̀, ojú rẹ̀ tún le. "Àyè yìí ńkọ́? Ó ṣì gba odindi abọ́ ìfọṣọ kan. Mo tín-ín-rín bíi ìgbálẹ̀ nígbà yẹn, ta ló ni àyè yìí?"

Mo wo abẹ́ sítíárì. Wọ́n ti gé irin rẹ̀ kúrú, wọ́n jó o pọ̀ padà, ọ̀dà búlúù sì bo ojú ibi tí wọ́n jó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ kó jìnnà sí ẹni tó máa wà á. Orí mi gbóná. Obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, oníkùn ńlá, irú èèyàn wo nìyẹn?

"Mummy," mo ní, "ọjọ́ wo gan-an ni Bàbá Oyin fi téèpù wọ̀n yín?"

"Mò ń bá a jà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, ó ní kí n dúró dáadáa. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ sí…"

Ó gbọ́wọ́ lé ikùn ara rẹ̀. Abdulmujeeb, tí gbogbo nǹkan ayé jẹ́ irin lójú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀, ó pa gáàsì.

"Ó wọ̀n mí pẹ̀lú oyún," Mummy ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Òmùgọ̀ ọkùnrin! Ta ní í wọn aboyún fún ọkọ̀? Ṣé mo máa lóyún títí ayé ni?" Ẹ̀rín náà di ẹkún, ẹkún ńlá, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń sáré bọ̀. "Enoch ò purọ́. Ẹ gbọ́ o, ọkọ mi ò purọ́, èmi ni mo jẹ́ kó kú bí òpùrọ́!"

Oyin na ọwọ́ sí i láti fà á jáde. Kò jáde. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fà á wọlé, ó gbé e sí àyè tó wà láàárín ikùn rẹ̀ àti sítíárì.

"Oyin, tìẹ rèé. Àyè tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ nìyí."