Àga Dora

Láyé ìgbà náà, kò sí àga tí kò lórúkọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Lútéránì wa ní Ìlútítun. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ àga gbọọrọ tirẹ̀, wọ́n á sì fi irin gbígbóná kọ orúkọ baba wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orí àga ìdílé rẹ lo máa jókòó lé. Bí o bá kú, orí rẹ̀ náà ni wọ́n máa gbé pósí rẹ lé níwájú pẹpẹ. Ẹni tí kò bá ní àga ńkọ́? Ká má purọ́, a kò rò ó débẹ̀.

Dora ló jẹ́ ká rò ó. Àrógbò ni wọ́n ti bí i, nínú àwọn Ìjọ̀ ará etí omi, ó ń yan ẹja tà. Mákánjúọlá, ọmọ ìlú wa, ló fẹ́ ẹ wálé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí, kò sẹ́ni tó yájú sí i. Ọkọ kú lọ́dún 1964, wọn kò sì bímọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Dora dé ṣọ́ọ̀ṣì. Adéjọbí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó tún jẹ́ alàgbà ìjọ, kò tilẹ̀ sún. Ó ní, "Ìyàwó, àyè ò sí mọ́." Àyè tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti gbé Bíbélì àti agboòrùn lé e!

Bí Dora ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí tó ń jókòó lé dáná wá láti ilé nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, òjò á máa ta sí i lára. Àwọn kan ní òórùn ẹja ń jáde lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹja náà ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, tó ń nu gbogbo àga wọn. Àwọn Aládùúrà pè é pé kó máa bọ̀, àwọn ò ní í béèrè àga. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ibí ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi. Ibí ni wọ́n sin ọkọ mi sí. Ṣé èèyàn ń sá kúrò nílé ara rẹ̀ ni?"

Ló bá ní kí Benedict káfíńtà bá òun gbẹ́ àga. Igi ìrókò ni, orúkọ Dora fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún 1968, Adéjọbí sì dí ẹnu ọ̀nà, ó ń béèrè ilé ta ló ni ín.

"Àga ulé yèsí?"

Dora kúnlẹ̀. "Tèmi ni, bàbá."

"Ìwọ nìkan ni ulé? Bàbá rẹ dà níbí? Ọma rẹ dà? Ẹ gbé e padà!"

Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Pásítọ̀ wa tó máa ń ti apá Ìlà-Oòrùn wá kò lè kọjá odò. Ta ni yóò bá alàgbà wí? Benedict gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó fi àpò bò ó. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, Dora á yà níbẹ̀, á ká àpò kúrò, á fọwọ́ nu eruku. Kì í jókòó sí i. Ó ní inú ṣọ́ọ̀ṣì lòun ti máa kọ́kọ́ jókòó sí i.

Ikọ́ mú un lásìkò òjò ọdún 1971. Kò dìde mọ́.

Ẹ wá wo Adéjọbí lọ́jọ́ ìsìnkú! Ogun ti parí, pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, lòun náà bá ń sunkún "ìyàwó wa, ìyàwó wa", ó ní orí àga ìdílé àwọn ni kí wọ́n gbé pósí lé. Àyè ti wá wà. Kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀, Benedict wọlé, ó ru àga Dora. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé e síwájú pẹpẹ, ó ní, "Ó ní àga."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Gbogbo wa rí i tí Adéjọbí dorí kodò. Orí àga náà ni wọ́n gbé Dora lé.

Pásítọ̀ ní àga náà ò gbọdọ̀ jáde mọ́. Àwọn Ùròbò tó ń kọ ẹyìn, àwọn obìnrin Àrógbò, ẹnikẹ́ni tí kò ní ìdílé nílùú, orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó lé títí dòní. Inú mi ń dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí bí igi náà ṣe ń dán, omi á lé sí mi lójú. Gbogbo ayé ti jókòó sórí àga Dora. Dora nìkan ni kò jókòó sí i rí.