Oògùn Ikọ́ Tó Gba Ìtìjú Lọ́wọ́ Mi

Òwú kọ̀, kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lọ́sàn-án gangan, òógùn tútù bò mí, inú ń lọ́ mi. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ Màmá Bísí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n rò pé ibà ni. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ó ti di ọjọ́ kẹta tí mi ò rí oògùn ikọ́ mu, bẹ́ẹ̀ ni mi ò húkọ́.

Délé, ọ̀rẹ́kùnrin mi, ló fún mi ní ìgò àkọ́kọ́ nígbà tí nǹkan oṣù ń dà mí láàmú. Kodíìnì wà nínú rẹ̀, ìyẹn oògùn apàrora tó máa ń di bárakú. Nígbà tó yá, a fi oògùn oorun kún un.

Bí mo bá ti mu ún, ojú kì í tì mí mọ́, ẹ̀rù kì í bà mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Màmá Bísí lọ sí Ìmùṣin, wọ́n ní kí Ráṣídátù tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó lọ kírun, mo ká léèsì oníbàárà kan sínú báàgì, mo gbé e fún Délé kó lọ tà á. Mi ò ní purọ́ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀. Ohun tí ì bá dá mi dúró nínú mi ló ti sùn.

Nígbà tí Màmá Bísí ò rí léèsì náà, Ráṣídátù ni wọ́n lé. Ó ń sunkún kọjá níwájú mi, mi ò la ẹnu. Délé ò sì padà wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ara mi gan, mo ṣubú lulẹ̀. Nílé ìwòsàn, mo gbé orí lé itan ìyá mi lórí bẹ́ǹṣì títí ó fi kàn wá.

"Kí lò ń mu, ọmọ mi?" Dókítà bi mí.

"Kò sí, sà."

Wọn ò bínú. Wọ́n rọra tún un bi mí, títí mo fi jẹ́wọ́. Wọ́n ní kì í ṣe wárápá. Oògùn ti mọ́ mi lára, ara mi sì dà rú nígbà tí kò rí i mọ́ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa já a kúrò lára mi.

Ọjọ́ wọ̀nyẹn le. Egungun ń ro mí, mò ń bì, mò ń ṣu, ìyá mi ń nù mí bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí orí mi wálẹ̀, mo ní kí wọ́n pe Màmá Bísí, mo sì sọ ohun gbogbo. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bẹ Ráṣídátù fúnra wọn. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Òdògbólú, ra léèsì mìíràn fún oníbàárà náà.

Lọ́jọ́ kejì, Ráṣídátù wọlé pẹ̀lú fúláàsì.

"Ògì ni. Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o, Fọlákẹ́."

"Mo mọ̀."

"Mu ún kó tó tutù."

Mo tún ṣubú sínú oògùn náà lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì tún gbé mi dìde. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbọ̀n láìnídìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó nà án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí mo ṣẹ̀ tí wọn ò pa mí tì. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi yìí, tó pariwo nígbà tí ẹnu mi dákẹ́.