Ilé Tí Bàbá Mi Kò Kàn Níṣòó

Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń hun àga, òórùn pankẹ́rẹ́ tútù máa ń já mi láyà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ń fi pankẹ́rẹ́ di pákó ilé wa tuntun mọ́ àwọn òpó tó rì sínú omi. Mo jókòó, mò ń wo ìgbì láàárín àlàfo pákó. Gbogbo ilé ń mì bí ọkọ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ìṣó tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó ńkọ́?" ni ìyá mi bi í. "Ilé yìí á tú."

"Ó yẹ kó ṣeé tú. A ò lówó ilé méjì."

N kò mọ ilé wo ni ìkejì. Mo di òpó mú pinpin.

Nígbà tó yá tí òkun ya bo àdúgbò wa, àwọn tó kan ìṣó fi ilé wọn sílẹ̀ fún un. Àwa tú tiwa sínú ọkọ̀, a wà á lọ.