Ìgò Ìtọ̀ Ṣàkírù

Òórùn tó ń jí mi láàárọ̀ ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ṣe ti àkàrà, kì í sì í ṣe ti ọ̀sà, bí àwọn tó ń kọ̀wé nípa Èkó ṣe máa ń sọ. Òórùn póò ni. Èmi ni mo ń da póò àwọn ọmọdé nù kí àwọn àgbà tó kírun àsùbáà tán, nítorí pé mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àǹtí Ráfátù, àbúrò bàbá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, gbà pé ọmọbìnrin tí kò lè da póò kò ní í wúlò nílé ọkọ.

Ní ọdún kejì tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, èéyi mú Ṣàkírù, ọmọ ọdún márùn-ún tí Àǹtí bí. Èéyi lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú láràárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Inú gbogbo agboolé dùn. "Ẹ wo Àlájì kékeré," ni àwọn ìyàwó ilé ń wí. Àǹtí wọ agbádá fún un, ó gbé e lọ ya fọ́tò ní Ìdúmàgbò, kí ayé lè rí i pé ilé wa ń jẹun. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìtọ̀ inú póò rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ. N kò sọ. Ta ní ń bèèrè ìròyìn lọ́wọ́ adapóò?

Nígbà tí bàtà kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, Àǹtí gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìgò kan, ó ní ìtọ̀ tí ọmọ bá kọ́kọ́ tọ̀ láàárọ̀ ni kó gbé wá. Àǹtí gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́. "Bíntù, tó o bá da ìtọ̀ yìí nù, màá nà ẹ́ débi tí ìwọ náà á fi wú."

Oorun ṣì wà lójú mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti da póò náà sí gọ́tà tán kí n tó rántí. Mo dúró, mò ń wo ìhó náà bó ṣe ń ṣàn lọ. Ṣàkírù ti padà sùn. Mo bá lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, mo tọ̀ sínú ìgò náà fúnra mi, mo dé e. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo gbé e fún Àǹtí.

Ìtọ̀ mi mọ́. Dókítà ní kò jọ pé kíndìnrín ni, bóyá oúnjẹ tó ń ṣara lóore ni kò tó. Ó ní kí wọ́n máa fún ọmọ ní ẹyin àti ẹja, kí wọ́n sì tètè gbé e padà wá. Àǹtí mú ìwé èsì náà káàkiri agboolé. "Ìtọ̀ ọmọ mi mọ́ ju omi ẹ̀rọ lọ." Apá ti oúnjẹ tí kò tó, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ilé kan tí kò mọ̀wé kà gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àwọn ọmọ tòun náà ṣe mọ́.

Ṣàkírù jẹ ẹyin fún oṣù méjì. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ wú tí kò lè mí dáadáa ni wọ́n tó gbé e padà. Wọ́n tún ìtọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò: kíndìnrín ni. Dókítà wo Àǹtí. "Màdámù, báwo ni ti àkọ́kọ́ ṣe mọ́?" Àǹtí ní òun kò mọ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ mi. Ọmọ náà kú lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀.

Mo lọ sí yunifásítì, mo sì di òǹkọ̀wé tó ń fi irọ́ àwọn ọlọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́. Ní kọ̀rọ̀, mò ń ka ìwé ìṣègùn. Mo kà pé ibà lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́. Mo kà pé fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí abẹ àjùmọ̀lò lè mú tàn kálẹ̀, lè ṣe é pẹ̀lú, àti pé àwọn kan fura sí èéyi. Pé lára ọmọ púpọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Mo fẹ́ràn "bóyá" inú àwọn ìwé wọ̀nyẹn ju ohun gbogbo tí mo kọ́ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, Àǹtí, tó ti di arúgbó, bi mí pé, "Ìwọ tó o kàwé, kí ló pa ọmọ mi gan-an?" Mo ṣàlàyé fáírọ́ọ̀sì fún un fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, bí olùkọ́ àgbà. Ó ń mi orí.

"O ṣé, Bíntù. Látọjọ́ yìí ni mo ti ń rò ó pé oúnjẹ mi ni kò tó."

Ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rù pàṣán ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ọwọ́ Àǹtí kò lè gbé pàṣán mọ́. Síbẹ̀, àlàyé fáírọ́ọ̀sì ni mo ń bá lọ.